Ọjọ́ tí Màmá Wa Gba Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Jámánì

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Kàbbà nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá yìí. Bí mo bá ti rántí ẹ̀, ńṣe ni mo ṣì máa ń la ẹnu sílẹ̀. Ẹni tí mo ti ń pè ní ìyá látìgbà tí wọ́n ti bí mi, àṣé mi ò mọ̀ ọ́n rárá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀.

Èmi ni àkọ́bí nílé wa. Ọkùnrin méjì ló tẹ̀ lé mi. Dáre ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Àbújá. Ṣẹ́yẹ, àbíkẹ́yìn, pẹ́ ní Amẹ́ríkà kó tó padà wá sí Èkó. Ọkọ̀ eré ìje ti gbà wọ́n lọ́kàn bí ẹni tí wọ́n sà sí. Mo ń sọ irú èyí tó lọ sílẹ̀ pẹlẹbẹ bí ọ̀pọ̀lọ́, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fẹ́ wọ inú ẹ̀, àfi bí ẹni tó fẹ́ wọ ihò. Ti Jámánì ni Dáre rà. Ti Amẹ́ríkà ni Ṣẹ́yẹ kó wálé. Wọ́n sì gbé méjèèjì wá sọdún! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Lókòja sí Kàbbà, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín.

Láti àárọ̀ Fúráídè ni wọ́n ti ń jiyàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá. Ṣẹ́yẹ ní kí ẹnikẹ́ni má tan òun, pé owó tí Bùọ̀dá Dáre fi ra ọkọ̀ ẹ̀, èèyàn á fi ra irú tòun, owó epo á sì tún kù níbẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì tòun tóbi fíìfíì ju tiẹ̀ lọ, bóun bá tẹ tọ́rótù lójú títì tó tọ́, èéfín òun nìkan ni Bùọ̀dá á máa rí. Dáre ní agbára nìkan kọ́ ni ọkọ̀, ṣé màlúù ò lágbára ni? Ó ní kí Ṣẹ́yẹ gbé tiẹ̀ dé kọ́nà, kó wá wò ó bóyá á gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Pé àwọn ará Yúróòpù, kọ́nà àti bíréèkì ni wọ́n ń kọ́kọ́ rò kí wọ́n tó ro eré. Ṣẹ́yẹ ní ó dáa, bí ẹ̀yà kan bá wá kọṣẹ́ lára ti Jámánì yẹn ńkọ́? Ṣé Bùọ̀dá ò ní ta ilẹ̀ kí wọ́n tó rí i rà?

Bàbá wa, hẹ́dìmásítà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n kàn bi wọ́n pé ọkọ̀ tí kò lè gbé àpò gààrí kan, kí la fẹ́ fi ṣe? Màmá ń gbé àwo kọjá lọ. Wọ́n dúró, wọ́n bi Dáre bóyá ìdí ọkọ̀ ẹ̀ kì í yọ̀ bó bá ń yí kọ́nà. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. A rò pé àwàdà ni.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì wọ takisí lọ wá táyà ní Lókòja. Kòtò kan ló ti bẹ́ táyà Ṣẹ́yẹ kó tó wọ ìlú, irú táyà pẹlẹbẹ yẹn ò sì sí ní gbogbo Kàbbà. Dáre fi kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ fún mi torí pé ó gbé ọkọ̀ sẹ́nu géètì. Ọkọ mi ti gbé tiwa lọ síbi òkú kan ní Ìyàrá. Bó ṣe ku èmi, Bàbá àti Màmá nílé nìyẹn.

Oòrùn ò tíì mú nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìnkùlé. Wọn ò ké o. Wọ́n kàn pè lẹ́ẹ̀kan, "Ìyá Fọlákẹ́," bí ẹni tó fẹ́ béèrè omi mímu. Nígbà tá a débẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ láàárín ata tí wọ́n ń ro, wọ́n di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Paramọ́lẹ̀ ni. Wọ́n ti fi ọkọ́ pa á, ó nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀.

Màmá ní kí Bàbá má dìde, kí wọ́n má gbé ẹsẹ̀ yẹn rárá. Mo pe nọ́ọ̀sì kan tí mo mọ̀. Ó ní oògùn oró ejò ò sí lọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n ó wà lọ́sibítù ìlú Ẹ̀gbẹ́, òun á pè wọ́n kí wọ́n máa retí wa, ká sáà ti máa lọ. Mo pe Dáre, kò wọlé. Mo pe Ṣẹ́yẹ, kò wọlé. Ti ọkọ mi ń dún, kò gbé e. Mo sáré jáde sí títì, ọ̀kadà nìkan ló wà níbẹ̀. Ta ló máa gbé ẹni tí paramọ́lẹ̀ bù jẹ sẹ́yìn ọ̀kadà láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ́?

Ọkọ̀ Dáre ló kù. Ọlọ́kadà kan bá wa gbé Bàbá síwájú, mo sì kó sídìí sítíárìn. Kí ni mo rí lẹ́sẹ̀ mi? Kílọ́ọ̀ṣì! Máńúà ni ọkọ̀ náà, ọtomátíìkì nìkan lèmi sì mọ̀ ọ́n wà. Mo tan án, ó ta bí àkèré, ó kú. Mo tún tan án, ó tún kú. Bàbá di ojú, òógùn ti bo gbogbo iwájú orí wọn. Mo gbé orí lé sítíárìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Màmá ṣí ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ mi. "Fọlákẹ́, bọ́ sílẹ̀."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ ká gbàdúrà ni.

"Mo ní kó o bọ́ sílẹ̀. Lọ sẹ́yìn."

Ẹ̀yìn wo? Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, ewúrẹ́ ò lè nà tán síbẹ̀. Mo ká ara mi jọ bí aṣọ, mo kó síbẹ̀. Màmá wa, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bọ́ bàtà. Wọ́n fa àga síwájú. Wọ́n tẹ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n mi ọ̀pá gíà sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń wò bóyá eyín ọmọdé ti ń mì. Wọ́n tan án. Ọkọ̀ náà bú, wọ́n sì fi rìfáàsì gbé e jáde ní géètì, kò kan ògiri, kò kan òpó.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń wakọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mi ò rí kí ìyá mi di sítíárìn mú rí láyé. Bí a bá ń lọ síbì kan, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó, wọ́n á gbé báàgì sórí ẹsẹ̀. Mo ronú pé bóyá ìpayà ti da wọ́n lórí rú, pé bóyá èmi, Bàbá àti Màmá la jọ máa kú lójú títì lọ́jọ́ náà. Mo di bẹ́líìtì Bàbá mú láti ẹ̀yìn, mo ń pe Jésù.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ò fì. Bí a bá dé kòtò, Màmá ti rí i kí èmi tó rí i. Bí ọ̀nà bá fẹ́ yí, wọ́n á já gíà sílẹ̀, ọkọ̀ náà á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí aláǹgbá lára ògiri, á sì yọ sí òdìkejì. Ní Ayétòrò, ọlọ́pàá kan dá wa dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú ọkọ̀, ó rí ìyá arúgbó tó so gèlè, ó tún padà wo ara ọkọ̀. Màmá nawọ́ sí ẹsẹ̀ Bàbá tó ti wú, wọ́n ní, "Ejò ló bù wọ́n jẹ. Ẹ̀gbẹ́ là ń lọ." Ọkùnrin náà fúnra ẹ̀ ló gbé igi kúrò lọ́nà.

A kọjá Mopà. A yí kọ́nà kan báyìí, màlúù gba ojú títì kan! Mo dijú. Mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ké, àyà mi lu ẹ̀yìn àga Bàbá. Nígbà tí mo lajú, ọkọ̀ ti dúró, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Màlúù tó súnmọ́ wa jù, mo lè ka irun etí ẹ̀.

Bàbá lajú díẹ̀. "Ìyá Fọlákẹ́, rọra."

"Ẹ dákẹ́, Bàbá Fọlákẹ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ da ara yín láàmú."

Mi ò gbọ́ kí Màmá pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá rí. Bàbá sì tún dijú.

Wọ́n ti ń dúró dè wá ní Ẹ̀gbẹ́. Wọ́n gbé Bàbá wọlé, wọ́n fún wọn lóògùn. Dókítà jáde wá sọ fún wa pé a tètè dé, pé wọ́n á máa ṣọ́ wọn, ṣùgbọ́n ká fọkàn balẹ̀. Ìgbà yẹn ni Màmá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì sínú ìró.

Mo bi wọ́n níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Wọ́n ní Ìyàmọyè, lọ́dọ̀ bàbá wọn. Bàbá wọn ní lọ́rì tó ń kó kofí. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ló ń wà á, àìsàn dá a gúnlẹ̀, kò sí ẹlòmíì, ni wọ́n bá kọ́ Màmá. Wọ́n wa lọ́rì yẹn títí di ẹ̀yìn ìgbéyàwó. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà nígbà náà, àwọn èèyàn sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó tíṣà ń wa lọ́rì. Bàbá ní kí Màmá dá kọ́kọ́rọ́ padà fún bàbá wọn, wọ́n sì ra máṣíìnì ìránṣọ fún wọn. Màmá ò tún mẹ́nu kan lọ́rì mọ́. Gbogbo aṣọ iléèwé wa, orí máṣíìnì yẹn ni wọ́n ti rán an.

"Ẹ ò ṣe sọ fún wa?"

Màmá wò mí. "Ẹ bi mí ni?"

Nígbà tí fóònù wọn wá wọlé, mo ròyìn fún wọn, nírọ̀lẹ́, Dáre àti Ṣẹ́yẹ dé pẹ̀lú ọkọ̀ Amẹ́ríkà, táyà tuntun lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Dáre rí ọkọ̀ tiẹ̀ níta, ó bi mí ta ló wà á wá. Mo nawọ́ sí Màmá. Ó ní ọ̀rọ̀ eré kọ́ lòun ń sọ. Mo tún nawọ́ sí Màmá. Ẹnjiníà wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, a wọlé lọ kí Bàbá. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, "okun" la fi ń kíni, òun náà la sì fi ń kí ẹni tó ṣe wàhálà fún wa. Bàbá kì í kọ́kọ́ kí èèyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí Màmá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Okun o." Wọ́n wá kọjú sí àwa ọmọ, wọ́n ní àwọn làwọn gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá wa, pé ẹnu ayé làwọn ń sá fún, pé ẹnu ayé ò sì bá àwọn wá sí Ẹ̀gbẹ́. Màmá kàn ń tẹ́ ibùsùn Bàbá, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n tún un tẹ́.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, Màmá na ọwọ́ sí Ṣẹ́yẹ pé kó kó kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ wá. Wọ́n gbé ọkọ̀ Amẹ́ríkà náà láti Ẹ̀gbẹ́ títí dé tòsí Ìsánlú, kí Ṣẹ́yẹ tó gbà á. (Ẹ̀yin ọlọ́pàá tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì ń bọ̀.) Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì dúró lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

Màmá ní ti Amẹ́ríkà lágbára lóòótọ́, pé bó bá ti rí ọ̀nà tó tọ́, ńṣe ló ń ti èèyàn lẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n ń ti ìyàwó wọlé ọkọ. Àga ẹ̀ tún rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dé kọ́nà, ó ń bá èèyàn jiyàn. Ti Jámánì, bó o ṣe rò ó ló ṣe ń ṣe, àmọ́ ó le bí àpótí, kò sí kòtò kan tí ìbàdí àwọn ò gbọ́. "Bó bá jẹ́ torí owó, ra ti Ṣẹ́yẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ò fẹ́ kó kú ló wà nínú ẹ̀, fún mi ní ti Dáre."

Bí iyàn ọkọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí: odindi ọjọ́ kan la fi jiyàn ọkọ̀ níwájú awakọ̀, a ò sì bi í léèrè nǹkan kan. Nígbà tóun bi wá, a rẹ́rìn-ín. Màmá ti lọ ya fọ́tò láísẹ́ńsì báyìí, Bàbá ló sì bá wọn lọ.

Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí. Ẹ lè sọ bóyá ẹ̀yìn Jámánì lẹ wà tàbí ti Amẹ́ríkà, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ gbọ́ jù lọ ni ti ìyá yín. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó bí yín? Bẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé fóònù yìí sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ lọ bi wọ́n.