Mo Bá Ìyá Funfun Sáìn

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Funfun fi fọ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Ilé ìfọṣọ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni àwọn ilé ìwòsàn ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn wá, èyí tí èèyàn bímọ sí àti èyí tí èèyàn kú sí. Kò sí ìdọ̀tí tí obìnrin náà ò tíì rí. Ó máa ń sọ pé ìdọ̀tí aṣọ ò le, ti inú èèyàn ló le, torí ìyẹn kì í gbọ́ ọṣẹ. Àwa a sì máa rẹ́rìn-ín.

Èmi ni èkejì rẹ̀ nídìí kíká aṣọ. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ńlá, ẹnì kan ò lè dá a ká kó gún. Òun á di igun méjì mú, èmi náà á di méjì mú, a ó fà á le, a ó wá rìn pàdé ara wa. Bó bá ṣe fa aṣọ ni mo fi ń mọ̀ bóyá inú ń bí i. Ojú mi náà ló ṣe lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gbé àpò aṣọ tútù, tí kò sì lè nàró mọ́. Mo fẹ́ gbé e dìde. Ó ní, “Àbúrò, má fà mí. Jẹ́ n wà báyìí ná.”

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Dókítà kọ lẹ́tà pé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Òfin ilé iṣẹ́ wa sì wà lára ògiri gbàgàdà: ẹni tó bá ń ṣàìsàn, tí dókítà sì kọ̀wé fún, wọn ò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí oṣù mẹ́ta, wọ́n á sì máa san ìdajì owó oṣù fún un. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún aago ṣe, ló gbé lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì òkè. Ọkàn gbogbo wa balẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe. Ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń sáìn láàárọ̀. Láàárín wa, ẹni tó bá tètè dé ló ń bá ẹni tó pẹ́ sáìn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n gbé e wọ ilé ìwòsàn, ọwọ́ mi kàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo rò pé bí àyè rẹ̀ bá ṣófo nínú ìwé, wọ́n á ní ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, bí lẹ́tà dókítà bá tilẹ̀ dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni mo fi bá a sáìn. Oore ni mo pè é.

Ọkùnrin tó ń mójú tó òṣìṣẹ́ lókè, Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é. Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, àfi bí ìgbà tí wọ́n rán an mọ́ ọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró sẹ́yìn mi bí mo ṣe ń sáìn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ yín mà dáa.” Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò bá Ìyá Funfun sáìn mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ránṣẹ́ pe àwa méjèèjì. Ìyá Funfun wá pẹ̀lú bẹ́líìtì líle tí wọ́n dè mọ́ ọn níbàdí. Kò lè jókòó, orí ìdúró ló wà. Ẹlẹ́rìn-ín ṣí ìwé tí a ń sáìn síwájú obìnrin náà.

“Màmá, ẹ wá síṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó ń wá síṣẹ́ ò ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà lẹ wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Àfi bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ń bá yín sáìn. Ẹni yẹn ń lọ sílé lónìí.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ta ni?”

Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé mi, ọkọ mi ò sì níṣẹ́. Ìyá Funfun wò mí, ó wò mí pẹ́.

Ó ní, “Èmi ni.”

“Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn lẹ ti ń dìde wá?”

“Ẹsẹ̀ mi ló ń gbé mi wá.”

Ọkùnrin yìí mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì rọra kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Eku ni, ó ń jẹ ọ́, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún parí, ìdajì owó oṣù náà sì wọgbó.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo gòkè lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín, mo ní èmi ni mo sáìn.

Ó ní, “Mo kúkú mọ̀. Ṣebí ẹ̀yìn yín ni mo wà. Ṣùgbọ́n Màmá ti fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ẹ lọ máa ká aṣọ.”

Wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń ká aṣọ báyìí. Mo máa ń fi àgbọ̀n di etí aṣọ mọ́ àyà, kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì wá igun tó kù. Ìyá Funfun wà nílé, orí pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ló ń sùn, kò sì bi mí léèrè ohunkóhun rí.

Gbogbo àárọ̀ ni Ẹlẹ́rìn-ín ń gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni yóò wí. Èyí tó ń rí mi lára jù ni pé mo ń dá a lóhùn. “Ẹ ṣé, sà.” Bí mo bá ti lanu báyìí, aṣọ á já bọ́ lábẹ́ àgbọ̀n mi, màá bẹ̀rẹ̀, màá ṣà á nílẹ̀, màá tún un fọ̀.