Ápù Tí Mo Ti Jù Nù

Bí ẹ bá dé ọjà Laranto ní Jọ́s, ẹ béèrè ẹni tó mọ èso. Èmi ni wọ́n máa nawọ́ sí. Mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta, àmọ́ ẹ di ojú mi, ẹ gbé ápù sí mi lọ́wọ́, màá sọ fún yín bóyá inú rẹ̀ ti ń dúdú. Àwọn tó kàwé dópin, ọsàn tó ti kan ni wọ́n ń rà.

Ẹ̀gbin inú òwò ápù yìí kò kéré. Òkè òkun ló ti ń bọ̀. Wọ́n á fi ohun kan tó ń dán bí àbẹ́là pa á lára, wọ́n á kó o sínú yìnyín, á wọ ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, á tún gun tírélà wá bá wa ní Jọ́s. Ẹ fi èékánná ha á, ẹ ó rí ọ̀rá funfun. Sítírọ́bẹ́rì tí wọ́n já lánàá ní Vom, nítòsí wa níbí, ń jẹrà sínú agbọ̀n lẹ́bàá títì, kò sí yìnyín fún tiwa. Àwọn èèyàn wa á fo ìyẹn, wọ́n á lọ ra ọ̀kírìkà èso. Mo ń tà á, torí òun ni wọ́n ń béèrè. Àmọ́ ó ń rí mi lára.

Èmi kì í ta èyí tó bá ti bàjẹ́. Kí n tó jù ú sí bólà, ààtàn ẹ̀yìn ọjà, mo máa ń fi èékánná fa ìlà méjì sí ìdí rẹ̀, ọ̀kan á dábùú èkejì, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e padà wá pé ọwọ́ mi lòun ti rà á. Gbogbo ilé mi ló mọ àmì náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àna wa láti Bauchi Road fẹ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àkọ́bí mi obìnrin, tí wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ, kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Bàbá, nítorí Ọlọ́run, ẹ má yẹ ẹrù wọn wò bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá dójú tì wọ́n, ó parí nìyẹn."

"Èmi? Ìgbà wo ni mo dójú ti èèyàn rí?"

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín nínú kíṣìnnì. "Haba, Alájì! Oníbàárà tẹ́ ẹ lé lánàá ńkọ́?"

Wọ́n dé. Wọ́n gbé agbọ̀n èso kalẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀rá tó ń dán wé e. Bàbá ọkọ ìyàwó tú u fúnra rẹ̀, ó mú ápù tó pupa jù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Alájì, a mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ mọ èso. Ti òkè òkun nìyí o, a ò ra yẹpẹrẹ. Ẹ bá wa tọ́ ọ wò."

Mo yí i. Ìlà méjì wà ní ìdí rẹ̀. Èékánná èmi fúnra mi.

Kai! Mo rí ààtàn náà lójú mi: omi dúdú, eṣinṣin, ìgbẹ́ ewúrẹ́. Aláìnítìjú kan ti ṣà á níbẹ̀, ó fi àkísà nù ún, ó tà á fún ọkùnrin yìí tó fi inú kan rà á. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi. Mo gbójú sókè: ẹnu mi ni ọmọ mi ń wò, kò tilẹ̀ mí.

Ibi àmì náà ni mo kọ́kọ́ gé jẹ. Ó rọ̀ bí òwú tó rin, ó kan, ó ń rùn. Mo gbé e mì. Kò sí ọkùnrin mìíràn ní Laranto tó lè ṣe é kí ojú rẹ̀ má yí padà.

"Ó dùn," ni mo wí. "Àna mi, ẹ kú ìnáwó."

"Alhamdulillahi! Ẹ jẹ ẹ́ tán, ó ṣì kù nínú agbọ̀n."

Ìyàwó mi, tó ti rí ìdí ápù náà, sáré wọlé pé òun fẹ́ gbé omi wá. Ẹ̀rín ló ń pa á.

Mo jẹ ẹ́ tán. Wọ́n dájọ́ ìgbéyàwó kí wọ́n tó lọ. Ẹsẹ̀ wọn kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí mo fi bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, tí mo bì.

Láti ọjọ́ náà, mi ò fi èékánná sàmì sí ápù mọ́. Bàtà ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ fọ́ lórí ààtàn, títí ajá pàápàá ò fi ní rí i ṣà.