Fóònù Tó Pa Ilà Ìyá Mi Rẹ́

Mi ò fẹ́ràn fóònù tí àbúrò mi ọkùnrin fi ń ya fọ́tò, mi ò sì ní tìtorí pé ayé lajú kí n máa purọ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó pẹ́ tí èmi náà ti ń fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ ní Peckham, ní London níbí. Mo ya ìgbéyàwó, mo ya ìsọmọlórúkọ, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí kámẹ́rà onífíìmù kógbá wọlé tí ti díjítà dé, mi ò bá a jà. Mo ra àlòkù kan ní New Cross, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohun tó bá rí ló ń yà, kò fi tiẹ̀ kún un.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá wa pé ọgọ́rin ọdún. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé, nínú fúláàtì káńsù, ilé ìjọba tí mo háyà. Àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ wá láti Catford, ó ní òun ni yóò ya Mummy, kí n gbé kámẹ́rà mi sílẹ̀, ó ti di ti àwọn àgbàlagbà. Mo gbé e sílẹ̀. Ó ní kí Mummy jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó na fóònù sí wọn, ó ti parí nìyẹn.

Nígbà tó yá, ó gbé fọ́tò náà wá. Ó ti tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà, ó sì ti fi férémù sí i. Mummy wò ó títí. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó.

“Ta nìyí?”

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní Mummy náà ni. Mummy fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

“Ilà mi dà?”

Ìgbà yẹn ni mo sún mọ́ ọn. Pélé tí wọ́n bù fún wọn ní kékeré kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń dán bí abọ́ tánganran, àwọ̀ wọn ti pupa sí i. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló wọ aṣọ ìyá mi jókòó.

Mo bi àbúrò mi pé ta ló ní kó pa á rẹ́. Ó ní òun kọ́, fóònù ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, pé tó bá ti rí àpá lójú èèyàn, yóò tún un ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ní Mummy kúkú rẹwà sí i báyìí. Mo ní kó tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Àbúrò mi gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

“Sister mi, ṣé fóònù lẹ wá ń bínú sí?”

“Ìwọ ni mò ń bínú sí. O wò ó kí o tó lọ tẹ̀ ẹ́, o ò sì mọ̀ pé ìyá ẹ kọ́.”

Mummy ní orí itan bàbá àwọn ni wọ́n ti kọ àwọn nílà, pé níbikíbi táwọn bá dé nígbà náà, wọ́n ti mọ ọmọ ẹni táwọn jẹ́. Wọ́n ní kó gbé fọ́tò rẹ̀ lọ.

Ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn àlejò ń yìn ín. Nígbà tí Kérésì kù díẹ̀, ó pè mí pé kí a wá jẹun. Mummy ní àwọn ò lè jókòó jẹun níwájú obìnrin inú fọ́tò yẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo sọ fún un, mo sì pa fóònù.