Ilé Etí Odò Tí Ìyá Téèpù Wọ̀n

Ìyá Téèpù ti ka bẹ́ẹ̀dì inú ilé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́rìndínlógójì náà ló ń rí, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Àlejò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ń bọ̀ láti ìlú ọkọ ìyàwó, ìrìn ọjọ́ méjì gbáko. Ẹni tí yóò sọ bóyá wọ́n á wá tàbí wọn ò ní í wá ló wà nínú yàrá kẹta lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ fóòmù, tó ń gbóòórùn ìrọ̀rí. Àǹtí ọkọ ìyàwó ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Àǹtí Nọ́ọ̀sì sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é nínú ẹbí wọn. Kó tó wọkọ̀ aago mẹ́rin padà sílé, yóò tẹ àwọn ẹbí rẹ̀ láago, ohun tó bá sì sọ lórí fóònù yẹn, abẹ gé e.

Aránṣọ ni Ìyá Téèpù. Kò bímọ kankan tó ń jẹ́ Téèpù o. Téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ni kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àfi tó bá fẹ́ wẹ̀. Tó bá ti wọ̀n ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí, kò tún ní í yẹ ìwé wò mọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, á ṣì máa ka ìbàdí rẹ sí ẹ létí, bí o tilẹ̀ ti sanra di bàǹbà. Ó ń fi í yangàn, àwọn oníbàárà rẹ̀ náà sì ń fi í yangàn. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Òun náà ló ń bá bàbá wọn gbé láti ọdún mẹ́rin tí ẹsẹ̀ bàbá ti kọṣẹ́, tó ti di èrò orí àga onítáyà.

Ìjì ló kó wọn sí wàhálà yìí. Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ló ṣí òrùlé gbọ̀ngán tí wọ́n ti gbà fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, tó ku ọjọ́ mọ́kànlá lónìí. Ilé àlejò kan ṣoṣo tó wà láàárín ìlú kò ju yàrá mẹ́jọ lọ, méjì nínú rẹ̀ sì ń jò. Ni ìyá ọkọ ìyàwó bá pè, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú, kí wọ́n kúkú gbé ìgbéyàwó náà wá sọ́dọ̀ àwọn. Ọ̀rọ̀ ire ni, bí kì í bá ṣe ti bàbá. Dókítà ti ní kò gbọdọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ ju wákàtí kan lọ. Tí ìgbéyàwó bá fi lọ, bàbá ò ní í fojú rí i. Ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni kò sì jẹ́ kí Ìyá Téèpù fojú kan oorun láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti wọ ilé mọ́kànlá. Èyí ni ìkejìlá, kò sì mọ ìkẹtàlá.

Ọwọ́ Atukọ̀ ni ilé náà wà, bàbá arúgbó kan tó fi ogójì ọdún gbé èrò sọdá odò kí wọ́n tó ṣe afárá. Nígbà tí afárá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ilé tí wọ́n ń kó pákó sí nígbà kan di ilé àlejò. Yàrá mẹ́fà ni, bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ pákó ni, ó ń ké bí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, kò sì sí ọ̀dà lára ògiri kankan. Ẹ̀yìn ilé lohun tí wọ́n ń wá wà. Pèpéle pákó ńlá kan nà jáde sórí omi, igi ńlá méjì fi ìbòòji bò ó, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Igba èèyàn lè jókòó síbẹ̀ láìfara kanra. Àmọ́ ẹrẹ̀ ló wà lápá ọ̀tún ilé, ẹrẹ̀ ló wà lápá òsì, inú ilé nìkan lèèyàn lè gbà dé orí pèpéle.

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mélòó ló wà níbí?" Àǹtí Nọ́ọ̀sì bi Atukọ̀ bó ṣe jáde ní yàrá kẹta.

"Mẹ́rin ni, ìyáàfin. Omi ń yọ nínú gbogbo wọn."

"Èyí tó wà nígun yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́."

"Tó bá dọ̀la, á ní."

"Ọ̀la kọ́ ni mo wá wò." Àǹtí Nọ́ọ̀sì rìn dé ẹnu ọ̀nà tó já sórí pèpéle, ó dúró, ó wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Ibí yìí ni bàbá ìyàwó máa gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Ìyá Téèpù yára dáhùn. "Mo ti wọ̀n ọ́n. Ínṣì mẹ́rìnlélógún ni. Ti àga bàbá, ínṣì méjìdínlógún. Àyè á tún ṣẹ́ kù."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbà á kọjá kí n rí i. Ẹni tá a torí ẹ̀ ní ká kó èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rìn fọ́jọ́ méjì, tí kò bá wá ráyè débẹ̀ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Téèpù. Ó tẹ àbúrò rẹ̀ láago. Takisí ni ìyàwó ojú ọ̀nà yìí ń wà, kò sì tó ogún ìṣẹ́jú tó fi gbé bàbá dé. Bàbá ti pátákó sábẹ́ ìdí, ó fi apá méjèèjì wọ́ ara rẹ̀ láti inú ọkọ̀ bọ́ sórí àga, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Alábàárù ni nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, ó máa ń ru àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. "Èmi ni mo máa ń gbé nǹkan," ló máa ń sọ. "Wọn kì í gbé mi." Ó ń dá wẹ̀, ó ń dá wọṣọ, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ó yí táyà rẹ̀ gba pálọ̀ kọjá, ó kí Àǹtí Nọ́ọ̀sì tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Ó ró gbà! Àga dúró gbọn-in. Ó fà á sẹ́yìn, ó tún un tì. Gbà! Férémù ilẹ̀kùn ti há táyà méjèèjì mọ́.

Ìyá Téèpù wo àga, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó mọ ohun tó ti ṣe lójú ẹsẹ̀. Ínṣì méjìdínlógún tó ń kà, ìwọ̀n tìmùtìmù tó rán sórí àga náà ni. Ibi tí ìdí ènìyàn wà ló wọ̀n, kò wọn táyà, kò wọn irin roboto tí bàbá fi ń yí i. Káfíńtà ò lè ṣe irú àṣìṣe yìí láéláé. Ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó wọ̀n ọ́n báyìí. Ínṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

"Ẹ bá wa gé igi yìí díẹ̀," ó bẹ Atukọ̀. "Ínṣì méjì péré."

"Òpó ni, ọmọ mi. Òun ló gbé òrùlé dúró. Tí mo bá gé e, gbogbo wa ni òrùlé máa wó lù."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́ta ti kọjá. "Ẹ ti sa ipá yín," ó ní, ohùn rẹ̀ ò sì le mọ́. "Ẹ̀yin náà ti rí i." Ó mú fóònù jáde nínú báàgì.

"Tí bàbá mi ò bá ní í sí níbẹ̀, mi ò ṣe mọ́," àbúrò bú sẹ́kún. "Kí kálukú jókòó sílé rẹ̀."

"Pa ẹnu dé," bàbá sọ. Ó ń wo omi láti ẹnu ọ̀nà tí àga rẹ̀ há sí.

Ìyá Téèpù kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní ó rò ó ni, kò ní í jẹ́ dán an wò. Ó lọ síwájú àga, ó kẹ̀yìn sí bàbá, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ n pọ̀n yín."

Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì dán wò lójú bàbá rí nìyẹn. Ìyá Téèpù ń retí kí bàbá bú òun.

"Tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa," bàbá ní. "O ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́rù. Orúnkún lèèyàn fi ń dìde, kì í ṣe ẹ̀yìn. Má lọ dá ara ẹ légungun."

Apá rẹ̀ wá sí èjìká ọmọ rẹ̀. Ìyá Téèpù di ara rẹ̀ gírí, ó mí kanlẹ̀, ó dìde pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀. Ẹrù tó múra sílẹ̀ fún kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá fúyẹ́. Nínú agbádá gbòòrò tí bàbá wọ̀, eegun ló ń gún un lẹ́yìn. Ó gbé e gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé irọ́ ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti ká àga pọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbé e kọjá, ó ṣí i sórí pèpéle. Wọ́n gbé bàbá jókòó. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ láti tún ẹsẹ̀ bàbá tò, ó fọwọ́ tẹ kókósẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ aago. Bàbá kò gbọwọ́ rẹ̀ kúrò. Nígbà tí obìnrin náà dìde, ó fa Ìyá Téèpù padà sínú pálọ̀.

"Ta ló ń rán aṣọ fún bàbá?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ̀n ìgbà wo lẹ fi ń rán an?"

Ìwọ̀n ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni, èyí tí Ìyá Téèpù mọ̀ lórí. Lọ́dún tó kọjá tó fẹ́ tún un wọ̀n, bàbá ní kó má wulẹ̀ ṣèyọnu, aṣọ tó fẹ̀ lòun fẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sóun lára. Ó ti rẹ́rìn-ín, ó sì ti rán an.

"Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la," Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ. "Ẹ má jẹ́ kó dọ̀tunla. Ara wọn ti gbẹ jù, mi ò rò pé wọ́n lè dúró de ọjọ́ mọ́kànlá." Ó gbé fóònù sétí. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ilé o. Ilé dáadáa ni, bẹ́ẹ̀dì pé. Rárá o, kì í ṣe ọjọ́ mọ́kànlá mọ́. Sátidé yìí ni. Mo mọ̀ pé òní ni Túsìdeè. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi, kí wọ́n wọkọ̀ lọ́la. Sátidé yìí."

Lóde, bàbá ń fọwọ́ júwe ibi tí wọ́n máa to àga sí fún àbúrò. "Kí lẹ̀ ń bára yín sọ níbẹ̀?" ó pariwo.

Ìyá Téèpù nu ojú rẹ̀, ó jáde sí i. "Wọ́n ti gbà, Bàbá. Ibí la máa ṣe é. Àmọ́ wọ́n ní Sátidé yìí ni."

Bàbá wò ó. Àbúrò ti ń pariwo pé báwo ni Sátidé yìí ṣe máa ṣeé ṣe, pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, pé kí ló dé.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," bàbá sọ. Kò béèrè ìdí.