Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ìbọn Bàbá Àgbà

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí iná sọ nílé tó kángun sí tiwa ní Ìwáyà. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Bàbá àgbà, ọdẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́, fi ìbọn ṣakabùlà wọn àti agolo ẹ̀tù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí iná bá kan ẹ̀tù yẹn, ilé á fọ́ túútúú. Mo kó méjèèjì, mo sáré síta.

Alájọgbélé wa, Bọ̀dá Múfú, pariwo: "Obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn ọdẹ!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún iná!"

Nígbà tí Bàbá àgbà dé, Bọ̀dá Múfú fẹjọ́ mi sùn wọ́n. Bàbá àgbà gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní: "Ìwọ ni wàá máa nù ún."

Gbogbo Sátidé ni mò ń nù ún, níwájú fèrèsé Bọ̀dá Múfú.