Lọ́yà Tí Kò Mọ Èèyàn Kí

Ẹ̀yin ọmọ ìlú Grayson tí mọ́tò ń gbé dé ẹnu ọ̀nà school, ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Riverdale, ní Amẹ́ríkà níbí. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn. Inú koríko etí títì la ń gbà, tí mọ́tò á máa sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọkàn ìyá mi kì í sì í balẹ̀ títí a ó fi padà dé.

Lọ́yà kan, baba aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ló ń gbé ní òdìkejì wa. Ó kọ lẹ́tà sí ìjọba títí nítorí ọ̀nà yẹn, wọn ò dá a lóhùn, ló bá ní òun máa di aṣòfin. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀! Á kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n tó ṣí i tán, ó ti ń ṣàlàyé òfin bí ẹni wà níwájú adájọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tó du ipò náà, wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ janlẹ̀.

Nígbà tó tún du ipò náà lẹ́ẹ̀kejì, tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá mi dá a dúró. Èmi ni mo ń túmọ̀, ojú sì ń tì mí.

“Lawyer, wait first! Ẹ ò béèrè ọmọ, ẹ ò béèrè iṣẹ́, ẹ kàn ń da òfin lé mi lórí. Ó yá, ẹ jáde, kẹ́ ẹ tún wọlé.”

Baba rẹ́rìn-ín títí. Ó jáde lóòótọ́, ó tún kan ilẹ̀kùn, ó béèrè gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní Sátidé, ìyá mi wé gèlè, ó tẹ̀ lé e láti ilé dé ilé, èmi náà sì bá wọn lọ. Bí baba bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òfin, màmá á fa kóòtù rẹ̀ lẹ́yìn. Baba wá ń béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá àgbà kan, ó ń béèrè ọmọ tuntun. Kẹ́ ẹ sì máa wò ó, àwọn onílé fúnra wọn ló wá ń sọ fún un pé títì yẹn ń já àwọn láyà!

Ìbò dé, ó wọlé. Ìyá mi tí kò tíì di ọmọ ilẹ̀ yìí, tí kò lè dìbò, ló jó jù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún wa.

Lónìí, orí fóònù ni àwọn olóṣèlú ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ orúkọ mi, wọn ò béèrè rí nípa orúnkún tó ń ro mí. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ bá wọn wí? Àwọn tó kó sí ilé kejì yìí ti lo ọdún mẹ́ta, èmi náà ò tíì kí wọn. Ó dùn mí gan-an ni.

Ẹ bá mi mú bàtà mi wá.