Ìró Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Dadin Kowa

Girama ni mo parí tí wọ́n fi gbé mi níyàwó, oyún sì ti wà nínú mi kí yunifásítì tó gbà mí láti kọ́ ìṣirò owó. Ọkọ mi ló ní kí n lọ. Jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe, ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ sì wà ní àdúgbò Rayfield ní Jos níbí, níbi tó ti máa ń rí ìyàwó àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ó wù ú. Ó wu èmi náà. Nínú àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó ro ti ọmú mọ́ ọn.

Obìnrin ni ọmọ wa. Ó ti ń rìn, ó ti ń lé adìyẹ, síbẹ̀ kì í fẹ́ jẹun. Ọmú ni oúnjẹ rẹ̀, ọmú ni omi rẹ̀, ọmú náà ló fi ń sùn. Èmi náà ò purọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi pé ẹnì kan wà láyé tí kò sí ohun mìíràn tó wù ú ju èmi lọ. Mo máa ń pọ̀n ọ́n lọ sí kíláàsì, màá jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, àwọn olùkọ́ sì máa ń ṣe bí ẹni pé àwọn ò rí wa. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ọmọ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ní ìdánwò tó kọjá, aládùúgbò wa kan bá mi gbé e sábẹ́ igi níta. Kọ́ọ̀sì tí a ń ṣe lọ́jọ́ náà ni èyí tí wọ́n fi ń kọ́ wa bí a ṣe ń mọ ohun tó ń náni kí ọjà kan tó di ọjà. Mi ò tíì dáhùn ìbéèrè kejì tán tí mo fi gbọ́ igbe rẹ̀. Ọmọ pọ̀ tó ń ké ní ọgbà ilé ìwé yẹn, àmọ́ ọmú mọ tirẹ̀: kí n tó gbórí sókè, iwájú aṣọ mi ti tutù. Mo fi ìwé sílẹ̀, mo jáde. Kọ́ọ̀sì náà sì ṣẹ́kù sí mi lọ́rùn.

Ọkọ mi kò pariwo. Bàtà ló ń bọ́ lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́. Ó ní bí ìdánwò tó ń bọ̀ bá tún dànù, kí n jókòó sílé díẹ̀ ná, kí ọmọ gbó. Mo mọ “díẹ̀” yẹn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sílé díẹ̀ nígbà tó bí àkọ́bí. Àkọ́bí náà ti ga jù ú lọ, díẹ̀ náà ò tíì parí.

Bó ṣe di pé ká já ọmọ lẹ́nu ọmú nìyẹn, kí ìdánwò mìíràn tó dé.

Ìyá ọkọ mi ń gbé ní Dadin Kowa. Opó Àlùfáà ni wọ́n, Ìlọrin ni wọ́n ti gbé wọn wá níyàwó, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ ní Jos débi pé Hausa ni wọ́n fi ń jà. Inna ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Èmi ní tèmi, Ìyàwó ni gbogbo ilé náà ń pè mí, látorí àbúrò ọkọ mi títí dórí àwọn ọmọ tí ń kéwú lọ́dọ̀ Inna. Inna ní ọdún méjì gbáko ni ẹ̀tọ́ ọmọ lára ọmú ìyá rẹ̀. Ọmọ wa ò tíì pé e, síbẹ̀ wọ́n ní kí n gbé e wá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa ni pé wọ́n á gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá rẹ̀ á sì pòórá. Ọmọ ò gbọdọ̀ rí i, kò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀, títí ọ̀rọ̀ ọmú á fi kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ìyẹn yé mi. Ìyókù, kò sẹ́ni tó sọ fún mi, torí pé ìyá tèmi ti kú kí n tó mọ ohun tó yẹ kí n bi wọ́n. Mo di aṣọ ọmọ, mo wá fi ìró tí mo fi ń pọ̀n ọ́n kún un láìfọ̀, kí ibẹ̀ má bàa ṣàjèjì sí i.

Nígbà tí mo gbé e fún Inna tán, tí mo padà sí yàrá wa ní Hwolshe, ọmú mi le bí òkúta. Ìyá kan, ọmọ ẹ̀yà Berom, tó wà ní yàrá kejì mú ewé kábéèjì tútù wá, ó kọ́ mi bí màá ṣe tẹ́ ẹ sínú kọ́mú. Bí mo ṣe ń kàwé nìyẹn, tí kábéèjì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láyà mi bí mo bá tẹ̀ sórí ìwé. Tó bá di ọ̀sán, ewé náà á ti rọ̀, yàrá á máa rùn bí ọbẹ̀. Ọmọ kíláàsì mi kan tó wá bá mi kàwé bi mí pé kí ni mo ń sè. Mo ní èmi fúnra mi ni. A rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún, ó sì ń bá ìwé rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò rí mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ìdánwò ku ọ̀la nígbà tí àbúrò ọkọ mi pè mí. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ torí Inna ti ní kí ó má sọ fún mi. Ọmọ ò jẹun. Ó ti rù. Ó ń kọjú sí ògiri, ó fi etí ìró mi sẹ́nu, ó ń mu ún.

Mo sọ fún ọkọ mi.

“Ọmọ tèmi náà ni,” ó ní. “Bó o bá lọ gbé e, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n o mọ ohun tá a jọ sọ.”

Lọ́jọ́ kejì, aṣọ ìdánwò ni mo wọ̀, bírò wà nínú báàgì mi, àmọ́ Dadin Kowa ni mo sọ fún oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀sán ni ìdánwò. Mo ń sọ fún ara mi pé màá kàn wò ó ni.

Inna pàdé mi ní yàrá àbáwọlé, wọ́n sì fara dí ilẹ̀kùn tó wọ àgbàlá. Gbogbo ohun tí a sọ, wúyẹ́wúyẹ́ ni a sọ ọ́, torí ọmọ wà lẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́.

“Ìyàwó, ṣé ìdánwò ti parí ni?”

“Ó di ọ̀sán, Mà.”

“Kí lo wá ṣe?”

Mo ní mo gbọ́ pé kò jẹun. Wọn ò bi mí pé lẹ́nu ta. Híjáàbù mi ni wọ́n ń wò, níbi tí omi ọmú ti là á já.

“Bó o bá wọlé, o máa fún un. Èmi náà, bó bá jẹ́ èmi ni, màá fún un. Lọ́la a óò tún bẹ̀rẹ̀, á sì le ju èyí lọ. Ìró yẹn ńkọ́, ta ló ní kó o fi sílẹ̀?”

“Èmi ni, Mà. Mo rò pé kó má ṣàárò mi ni.”

“Haba, Ìyàwó. Ìwọ lò ń já a lẹ́nu ọmú, ìwọ náà lo tún fi ọmú sílẹ̀ fún un.” Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn. “Ẹ̀bi mi ni. Mo rò pé o mọ̀.”

Wọ́n wọlé. Mo gbọ́ igbe tí ọmọ mi ké nígbà tí wọ́n gba ìró lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe igbe ebi. Inna gbé ìró náà fún mi, etí rẹ̀ kan tutù rinrin.

“Máa lọ,” wọ́n ní.

Mo lọ. Mo ti ìró náà bọ inú báàgì; nígbà tí mo dé ibi ìdánwò, wọ́n ní kí a kó báàgì wa síwájú gbọ̀ngàn. Ìbéèrè àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ ni. Mo dáhùn rẹ̀. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo ń gbé ojú lọ sórí báàgì náà lóòrèkóòrè, ọmú mi ń ro, àmọ́ mi ò dìde títí wọ́n fi ní kí a dáwọ́ dúró.

Nígbà tí Inna ránṣẹ́ pé kí n wá gbé e, orí ẹní wọn ni mo bá a, ó ń mu ògì, ẹnu rẹ̀ funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti padà. Inna ní, “Ta nìyí?” Ọmọ mi wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí.

“Ìyàwó,” ó wí.

Gbogbo ilé fi ẹ̀rín dáhùn. Inna rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi fi híjáàbù nu ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti fọ ìró náà. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n lè pọ̀n ọ́n. Ó kọ́kọ́ wo ojú Inna, àfìgbà tí wọ́n mi orí sí i ló tó wá. Ó dákẹ́ lẹ́yìn mi títí a fi dé Hwolshe. Kò ti ọwọ́ gba abẹ́ apá mi wá ọmú bó ṣe máa ń ṣe.

Mo yege kọ́ọ̀sì náà. Ọkọ mi ń gbé fóònù kiri Rayfield, ó ń fi èsì han àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo ti wọ ọdún kẹrin, ọmọ sì máa ń wà ní Dadin Kowa lọ́jọ́ tí mo bá ní kíláàsì. Ó ti ń pè mí ní Màmá báyìí. Ṣùgbọ́n bó bá ṣubú, Inna ló máa ń ké pè. Màá gbé e, màá gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀, màá sì sọ fún un pé Inna ń bọ̀.